Ère Gíríìkì Kì í Ṣe Funfun, Ẹ Yéé Da Ásíìdì Sí Mábù Lára

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ síta. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á gbé orí tó fi P.O.P. dà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, á ti kùn ún ní funfun báláú, á ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, Gíríìkì ni mo ṣe." Mo á ní kí ló dé tí kò ní ẹyinjú? Á ní ère Gíríìkì kì í ní ẹyinjú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn. Ta ló kọ́ yín ní irú ẹ̀kọ́ yẹn?

Mi ò ní máa ṣàlàyé irú ọ̀pó ilé Gíríìkì mẹ́ta, Dóríìkì, Àyóníìkì àti Kọ̀ríńtì, fún yín níbí, ó wà nínú nóòtì yín, ẹni tí kò bá tíì lè dá wọn mọ̀ kó lọ jókòó tì í. Awọ ara òkúta ni ọ̀rọ̀ tèmi. Àtúnṣe ère òkúta ni mo fi ń jẹun, mo sì mọ̀ pé ohun tó wà lójú òkúta, tí kò nípọn tó èékánná, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí, òun náà ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́.

Funfun tẹ́ ẹ̀ ń rí lára ère wọ̀nyẹn, kì í ṣe bí ẹni tó gbẹ́ wọn ṣe fi wọ́n sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n kùn wọ́n ni. Irun, ètè, ojú, ẹ̀wù, bàtà, gbogbo ẹ̀ ló gba ọ̀dà. Pupa wọn wá láti ara erùpẹ̀ tó ní irin nínú, àwọ̀ ewé wá láti ara òkúta málákáítì, búlúù wọn tí wọ́n ń pè ní búlúù Íjíbítì, yanrìn àti bàbà àti láìmù ni wọ́n jọ ń fi sínú iná títí á fi di búlúù, kí wọ́n tó wá lọ̀ ọ́ kúnná. Wọ́n á fi ẹyin tàbí ìda oyin pò ó kó lè lẹ̀ mọ́ òkúta. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o, àwọn ará ìgbà yẹn ló sọ ọ́. Pliny ará Róòmù kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n bi Praxiteles léèrè èwo nínú ère mábù tó gbẹ́ ló fẹ́ràn jù, ó ní àwọn tí Nikias ayàwòrán fọwọ́ kàn ni. Praxiteles o, ẹni tó gbẹ́ Aphrodite ti Knidos, ère òrìṣà ìfẹ́ tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀! Òun fúnra ẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ò tíì parí tí ọ̀dà ò bá tíì dé orí ẹ̀, ẹ wá ń sọ fún mi pé funfun ni Gíríìkì.

Ẹ lọ wo fọ́tò ère obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Peplos Kore, ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Ákírópólísì, òkè tí tẹ́ńpìlì wọn wà lórí ẹ̀ ní Áténì. Nǹkan bí ọdún 530 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Nígbà tí àwọn ará Páṣíà wá ba Ákírópólísì jẹ́ ní 480 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará Áténì ri àwọn ère tó fọ́ mọ́lẹ̀ síbẹ̀ náà, ọdún 1886 ni wọ́n tó hú obìnrin yìí jáde. Torí pé òjò ò pa á, oòrùn ò pa á, ọ̀dà ṣì wà nínú irun ẹ̀ àti lójú ẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tí ọ̀dà ti jẹ tán náà, a ṣì lè rí ojú ibi tó wà, ẹ fọkàn sí èyí torí òun ni mo fẹ́ràn jù láti kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ọ̀dà máa ń gba òkúta sílẹ̀ lọ́wọ́ òjò àti afẹ́fẹ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀dà ló ń pẹ́ bákan náà. Èyí tó bá kọ́kọ́ ṣí kúrò, òkúta abẹ́ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, èyí tó bá pẹ́, òkúta abẹ́ tiẹ̀ á fi díẹ̀ ga ju ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, díẹ̀ báyìí tí ọwọ́ ò ní mọ̀. Ẹ wá pa iná yàrá, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ má kọjú ẹ̀ sí òkúta o, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ máa fara nu ojú òkúta kọjá. Òjìji tín-tìn-tín á yọ, ẹ á rí ìlà, ẹ á rí igun, ẹ á rí òdòdó tí ẹnì kan yà síbẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ọdún sẹ́yìn. Báyìí ni Vinzenz Brinkmann ará Jámánì ṣe ń wá ọ̀dà lára ère, òun ló rí iṣẹ́ onígun-mẹ́rin aláràbarà tó wà lára ṣòkòtò tafàtafà ara tẹ́ńpìlì Aphaia ní erékùṣù Aegina. Ní 2003, wọ́n kó ẹ̀dà irú àwọn ère bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti kùn padà síta ní Munich káyé wá wò ó.

Búlúù Íjíbítì tún ní àṣírí tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tan iná pupa sí i, ó máa ń dá ìtànṣán kan padà tí ojú èèyàn ò lè rí, àfi kámẹ́rà tó ń rí infrared, á wá máa tàn yanran nínú fọ́tò. Ní 2009, Giovanni Verri fi ọgbọ́n yìí rí búlúù lára ìgbànú Iris, òrìṣà obìnrin kan, ọ̀kan nínú àwọn ère Pátẹ́nọ̀nù, tẹ́ńpìlì ńlá orí Ákírópólísì, tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ère táwọn ọ̀mọ̀wé ti ń yí po fún nǹkan bí igba ọdún ni o!

Ta ló wá sọ ọ́ di funfun? Ilẹ̀ àti òjò kọ́kọ́ ṣe tiwọn, lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n dé. Winckelmann ará Jámánì kọ ọ́ ní 1764 pé bí ara bá ṣe funfun tó ló ṣe máa lẹ́wà tó, àwọn tó tẹ̀ lé e gbà á bí ẹni gba ìhìnrere, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà tí àwọn ará Róòmù gbẹ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tó fojú rí. Irú ọkàn yẹn náà ló wà lára Leo Frobenius, ará Jámánì mìíràn, nígbà tó dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, ó rí orí Olókun, kò gbà pé baba ńlá wa ló ṣe é, ó lọ wá àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn Gíríìkì tí wọ́n ní ó rì sínú òkun, wá fún un. Ní 1938 wọ́n hú orí idẹ lóríṣiríṣi ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, irọ́ yẹn ò rẹ́sẹ̀ dúró mọ́. Inú máa ń bí mi tí ọmọ Yorùbá bá tún gbé irú ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ẹlòmíì á gbẹ́ Doryphoros ti Polykleitos, ọkùnrin tó gbé ọ̀kọ̀ dání yẹn, á gbẹ́ kùkùté igi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ ọn, tí mo bá bi í pé kí ni kùkùté ń ṣe níbẹ̀, á ní àmì ìyè ni, òun kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmì ìyè kẹ̀! Idẹ ni Polykleitos fi ṣe tiẹ̀ ní nǹkan bí 440 ṣáájú ìbí Jésù, idẹ tí inú ẹ̀ ṣófo lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, tí wọ́n hú ní Pompeii, tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Naples ní Ítálì báyìí, mábù ni àwọn ará Róòmù fi ṣe ẹ̀dà ẹ̀. Tí gbogbo ẹrù mábù bá lọ wà lórí ọrùn ẹsẹ̀ méjì, ó máa kán, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣe fi kùkùté tì í. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí idẹ Gíríìkì ṣe rí gan-an, ẹ wo àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n gbé jáde nínú òkun lẹ́bàá Riace ní Ítálì ní 1972. Bàbà pupa ni ètè wọn, fàdákà ni eyín ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì ṣe ẹyinjú lọ́tọ̀ kí wọ́n tó fi sí i. Ẹyinjú o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wọn kì í ní ẹyinjú.

Ti ilé náà ò yàtọ̀. Tẹ́ńpìlì Dóríìkì máa ń ní búlúù àti pupa lókè ọ̀pó. Róòmù ò tiẹ̀ dúró lórí ọ̀dà nìkan, wọ́n ń lọ wá òkúta tó ti ní àwọ̀ tiẹ̀ kiri ayé ni. Inú Páńtíọ́nù, tẹ́ńpìlì Róòmù tí ọba wọn Hadrian kọ́ parí ní nǹkan bí ọdún 126, òkúta elésè àlùkò wá láti Íjíbítì, ti yẹ́lò wá láti Tùnísíà, òmíràn wá láti ilẹ̀ tá a mọ̀ sí Tọ́kì báyìí, àwọn ọ̀pó gíránáìtì iwájú ẹ̀ náà wá láti Íjíbítì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó bíi mítà 12, wọn ò já a pọ̀ níbì kankan. Òrùlé roboto mítà 43 nìkan lẹ máa ń kọ sínú ìdánwò.

Àwọn tó ń fa ìlà lé fọ́tò Pátẹ́nọ̀nù lórí, tí wọ́n ń pariwo nọ́ńbà ìyanu 1.618 pé òun ni àṣírí ẹwà ẹ̀, ẹ má dá wọn lóhùn. Pèpéle ẹ̀ fẹ̀ ní mítà 30.9, ó gùn ní mítà 69.5, ẹ pín in kẹ́ ẹ wò, 4 sí 9 ni. Ìbú ìdí ọ̀pó sí àárín ọ̀pó kan sí èkejì, 4 sí 9 náà ni. Iktinos àti Kallikrates tó ya àwòrán ilé náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọn ò nílò iṣẹ́ ìyanu.

Àmọ́ èyí tó ń dùn mí jù ni fífọ̀. Lord Duveen, olówó tó ń ta iṣẹ́ ọnà, ló ń sanwó gbọ̀ngàn tuntun fún òkúta Pátẹ́nọ̀nù ní British Museum, ó fẹ́ kí wọ́n funfun, ní 1937 sí 1938 àwọn òṣìṣẹ́ bá mú irinṣẹ́ bàbà àti kabọrọ́ńdọ̀mù, ohun líle tí wọ́n fi ń ha òkúta, wọ́n ń ha wọ́n lára. Mábù Pentelikon tí wọ́n fi gbẹ́ wọn máa ń di àwọ̀ oyin tó bá dàgbà, àwọ̀ oyin yẹn ni wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni, wọ́n ha á kúrò lára àwọn kan, kò sì sẹ́ni tó lè dá a padà.

Ẹ má sọ pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ìdílé kan pè mí láìpẹ́ yìí torí áńgẹ́lì mábù tó wà lórí sàréè bàbá wọn àgbà, iṣẹ́ Ítálì, iṣẹ́ dáadáa. Dúdú kan ń ṣàn láti ojú ẹ̀ bọ̀ wálẹ̀. Wòlíì kan ti wá wò ó, ó ní ẹkún ni òkú ń sun, pé àfi kí wọ́n fọ̀ ọ́ kó mọ́ fóò kí ọdún tó yí. Wọ́n bá ra ásíìdì tí àwọn onítáìsì fi ń ṣí símẹ́ńtì kúrò, wọ́n dà á lé e lórí láti òkè. Ó hó ṣàà, wọ́n ní ẹ ò rí i bí ibi ṣe ń jáde! Ibi kọ́ ló ń jáde, mábù gan-an ló ń lọ. Ásíìdì máa ń sọ mábù di gáàsì àti omi iyọ̀ ni, ohun tó ń hó yẹn ni imú àti ìpéǹpéjú áńgẹ́lì. Nígbà tí mo débẹ̀, ìka ọwọ́ ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, ojú ẹ̀ ti rí wúruwùru bíi ṣúgà tómi bà. Màmá àgbà ilé yẹn bi mí pé, "Ọ̀gá oníṣẹ́, ṣé ẹ lè bá wa dá ojú ẹ̀ padà?" Mo ní, "Màmá, kò ṣeé dá padà mọ́ o." Dúdú yẹn, ewédò lásán ni, igi máńgòrò tó ṣíji bò ó ló jẹ́ kí ibẹ̀ máa tutù. Omi tó mọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, pẹ̀lú sùúrù, ì bá tó o. Mo bínú sí wòlíì yẹn di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Nítorí náà, tí nǹkan àtijọ́ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, mábù ni o, amọ̀ ni o, ẹ má gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Ẹ yà á ní fọ́tò yípo. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ bí mo ṣe wí. Ẹ wá wo inú etí, kọ̀rọ̀ ojú, àárín ìdì irun, abẹ́ apá, gbogbo ibi tí ọwọ́ àti òjò kì í dé, ibẹ̀ ni ọ̀dà máa ń sá pamọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá rí pupa bíńtín níbẹ̀, ẹ má fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ bò ó, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.