Ìgbóná Tí A Kò Wọ̀n

Láàárín oṣù méjì, aláìsàn mẹ́rin ló ti gbé fídíò WhatsApp kan náà síwájú mi. Òyìnbó kan tó wọ aṣọ funfun ń tọ́ka sí àwòrán ọpọlọ, ẹnì kan sì ń fi Yorùbá sọ lórí rẹ̀ pé wọ́n ti rí ohun tó ń pa jẹjẹrẹ láìlo ọ̀bẹ: iná ni, ìgbóná ni, kí olúkúlùkù lọ wá ìgbóná sí ara rẹ̀. Mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wá a kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Gbogbo wọn ló ń pè mí ní dókítà, ṣùgbọ́n n kì í ṣe dókítà. Onímọ̀ físíìsì ni mí ní ẹ̀ka ìtọ́jú onítànṣán. Dókítà ló ń sọ iye ìtànṣán tí kókó gbọ́dọ̀ gbà. Èmi ni mo ń rí i pé iye yẹn gan-an ló dé ibẹ̀, kò lé, kò dín. Bí mo bá ṣì í, kò sẹ́ni tí yóò fi ojú rí i títí yóò fi di ọgbẹ́. Nítorí náà, ẹ má bínú bí ohùn mi bá le lónìí.

Ohun méjì ni fídíò náà lọ́ pọ̀ mọ́ra. Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ abẹ onítànṣán. Kò sí abẹ níbẹ̀ o, orúkọ lásán ni. Lars Leksell, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Sweden, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1951, nígbà tó ń wá ọ̀nà tí òun yóò fi dé inú ọpọlọ lọ́hùn-ún láìla agbárí. Àwọn tó ń ròyìn rẹ̀ kì í sábà dárúkọ Börje Larsson, onímọ̀ físíìsì ará Uppsala tí wọ́n jọ ṣe é, èyí sì máa ń dùn mí. Ní 1968, ẹ̀rọ wọn àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹyọ kóbáltì 179, irú irin kan tó ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀, ni wọ́n tò yí orí ká nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ta ìtànṣán tín-ín-rín. Ìtànṣán kan ṣoṣo kò lágbára tó láti ba ọpọlọ jẹ́ bó ti ń kọjá. Bí ọwọ́ kan kò ṣe gbẹ́rù dórí, ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ni agbára wà, ibẹ̀ sì ni wọ́n gbé kókó sí. Gamma Knife ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà lónìí. Àwọn ẹ̀rọ tí kò lo kóbáltì, tó ń fi iná mọ̀nàmọ́ná ṣe ìtànṣán, náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí bí wọ́n bá ní ohun èlò tó péye.

Kókó kékeré ló wà fún, tí kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, tí etí rẹ̀ hàn kedere, tó sì wà níbi tí kò ti lè mira. Wọ́n á fún awọ orí ní abẹ́rẹ́ apàrora, wọ́n á fi ìṣó kéékèèké mẹ́rin de férémù mọ́ agbárí, orí kò sì ní yẹ̀. Ẹ wá wo ọmọkùnrin kan tí kókó ọmú ìyá rẹ̀ tó ìkúùkù, tó ń bá dókítà jà pé òun kò fẹ́ ìtànṣán ọlọ́jọ́ gbọọrọ, pé ti mẹ̀kúnnù nìyẹn, èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún àwọn ọlọ́lá ni òun fẹ́ fún ìyá òun. Bí a bá da Gray 20 lé kókó tó tó ìkúùkù lẹ́ẹ̀kan náà, ara tó yí i ká yóò bá a lọ. (Gray ni a fi ń wọn ìtànṣán, bí ẹ ṣe ń fi kóńgò wọn gàrí.) Díẹ̀díẹ̀ tí a ń ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ń jẹ́ kí ara tó dá ṣáṣá ráyè tún ara rẹ̀ ṣe kí ọjọ́ kejì tó mọ́. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kò mọ àtúnṣe yẹn ṣe dáadáa. Kò kan owó rárá.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé orúkọ abẹ yẹn nìkan ló ń lé wọn sá, torí wọ́n ní ọ̀bẹ tó bá kan jẹjẹrẹ ló ń tú u ká. Ìjáfara ló ń tú u ká. Ẹni tó gba ìtànṣán lára ẹ̀rọ kì í sì í gbé e lọ sílé. Kí ìyàwó ọmọ yín má gba ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ yín mọ́.

Èkejì ni ìgbóná. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí.

Pé ìgbóná ń da jẹjẹrẹ láàmú kì í ṣe irọ́. Inú kókó ní ibi tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, tí ọ́síjìn kò tó níbẹ̀, ìtànṣán kì í sì í tètè ran ibẹ̀. Ìgbóná ń ràn án. Sẹ́ẹ̀lì tí ìtànṣán bá sì ti ṣá lọ́gbẹ́, ìgbóná kì í jẹ́ kó rí ọgbẹ́ náà dí. Ní Netherlands, láàárín 1990 sí 1996, wọ́n kó aláìsàn 358 jọ tí jẹjẹrẹ wọn wà ní ẹnu ilé ọmọ, àpò ìtọ̀ tàbí ìfun ìdí. Apá kan gba ìtànṣán nìkan. Apá kejì gba ìtànṣán, wọ́n sì tún ń mú ibẹ̀ gbóná lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nínú àwọn obìnrin tó ní ti ẹnu ilé ọmọ, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 27 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù láàyè lára àwọn tó gba ìtànṣán nìkan. Lára àwọn tó gba méjèèjì, 51 ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka èsì yẹn, mi ò lè sùn.

Méjèèjì ni mo wí o. Fídíò yẹn fo ìtànṣán dá, ó mú ìgbóná nìkan.

Ìgbóná wo, mélòó, fún ìgbà wo? Dígírì 43 ni òṣùwọ̀n wa. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣírò rẹ̀ fún àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́. Ká ní wákàtí kan ní dígírì 43 ni yóò ṣe iṣẹ́ kan lára sẹ́ẹ̀lì. Bí a bá gbé e dé 44, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó. Bó bá dé 45, ìṣẹ́jú 15. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ̀ kalẹ̀ sí 42, wákàtí mẹ́rin ni yóò gbà. Ní 41, wákàtí 16. Ní 40, wákàtí 64, ó lé ní ọjọ́ méjì àti ààbọ̀! Dígírì kan péré ló wà láàárín wọn, ìyẹn tí ọwọ́ yín kò lè mọ̀ bí ẹ bá kì í bọ omi. Bí ìtànṣán bá wà níbẹ̀, ìgbóná tó rẹlẹ̀ díẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó mọ́ ìtànṣán. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é fún kókó tó wà nínú ikùn, ìgbì rédíò ni wọ́n ń fi mú inú ara gbóná láti ìhà gbogbo, omi tútù ń yí awọ ká kó má bàa jó, wáyà tẹ̀mómítà tín-ín-rín sì wà nínú àpò ìtọ̀, nínú ìdí, nínú ojú ara. Wọn kì í mójú kúrò lára nọ́ńbà rẹ̀. Bí aláìsàn bá ní ó ń ta òun níbì kan, wọ́n á dín agbára tó ń lọ síbẹ̀ kù.

Ẹ wá gbé rọ́bà omi gbígbóná lé kókó. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lábẹ́ awọ ń gbé ìgbóná yẹn lọ, bí omi ṣe ń ṣe nínú rédíétọ̀ ọkọ̀. Kókó tó wà nísàlẹ̀ kò gbọ́ nǹkankan. Awọ ló ń sè.

Ìyá kan wà, aláṣọ ni. Wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ kan ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kókó mẹ́ta bí ẹ̀wà wá yọ lójú àpá náà. Irú kókó yìí gan-an, tó wà láyà, tó súnmọ́ awọ, ni ìgbóná pẹ̀lú ìtànṣán ti ràn lọ́wọ́. Ní 1996, wọ́n tẹ èsì ìwádìí márùn-ún jáde pọ̀, aláìsàn 306: kókó pòórá pátápátá lára 41 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtànṣán nìkan, àti lára 59 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba méjèèjì. Ìyá yìí kò tíì gba ìtànṣán kankan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin rí fídíò náà, ó mú un lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì, tó ń lo ẹní kan tí wọ́n ń ki wáyà rẹ̀ bọ iná. “Jẹjẹrẹ ń sá fún iná” ló kọ sára ògiri. Wọ́n tẹ́ ẹní náà lé e láyà fún wákàtí kan, ìgbà mẹ́sàn-án ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí a bá ti gé ọmú kì í sábà gbọ́ ìrora dáadáa mọ́. Ìyá kò mọ̀ pé òun ń jó. Òórùn ló kọ́kọ́ gbọ́, ó rò pé ẹnì kan ń sun ẹran níta.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, mo gbé rúlà sí ọgbẹ́ náà: sẹ̀ǹtímítà 11 ní gígùn, 8 ní fífẹ̀. Kókó mẹ́ta yẹn ṣì wà létí rẹ̀, méjì mìíràn ti kún wọn. A kò lè tan ìtànṣán sórí ọgbẹ́ tó ń ṣomi. Ọ̀sẹ̀ méje ni nọ́ọ̀sì fi ń wẹ̀ ẹ́ tó ń dì í, tí gbogbo wa ń wo kókó tó ń tóbi sí i.

Mo gba nọ́ńbà ọkùnrin náà, mo pè é. Mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, dígírì mélòó ni ẹní yín ń gbóná dé?”

Ó ní, “Ìgbóná tí ara bá lè gbà ni.”

“Ta ló ń wọ̀n ọ́n?”

Ó ní aláìsàn fúnra rẹ̀ ni, bó bá ti gbóná jù, yóò ké. Mo sọ fún un pé ibi tó tẹ́ ẹní lé kì í gbọ́ ìrora. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dá ìyá padà wá, òun yóò dín owó kù fún wọn.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń fi ìgbóná wo jẹjẹrẹ, ẹ ní kó mú tẹ̀mómítà rẹ̀ wá kí ẹ rí i. Ẹ béèrè ibi tó ń kì í bọ̀ lára. Bí kò bá ní, ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọmú fún, àti ẹ̀yin tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹsẹ̀ yín kú tipiri, ẹ má gbé ohun gbígbóná kankan lé ibẹ̀, ì báà jẹ́ aṣọ inura lásán.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la fi abẹ́rẹ́ ṣe àmì ibi tí ìtànṣán yóò dé sí ìyá náà lára. Awọ tuntun tó bo ọgbẹ́ yẹn ń dán, ó fẹ́lẹ́, n kò sì fẹ́ kí abẹ́rẹ́ kàn án, ni mo bá sún àmì lọ sí ìhà. Ó ń wo ọwọ́ mi.

“Ọmọ mi, ṣé èyí náà yóò gbóná?”

“Rárá o, Màmá. Ẹ kò ní gbọ́ nǹkankan.”

Gray méjì lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta.