Bí ilẹ̀ bá mì ní òkèèrè: iṣẹ́ tó já lé ìjọ àti àlùfáà léjìká

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní ọdún 2010, nígbà tó ku ìṣẹ́jú méje kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù, ilẹ̀ mì tìtì ní Háítì. Ìtòsí ìlú Léogâne, tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 25 sí Port-au-Prince tó jẹ́ olú-ìlú, ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n agbára rẹ̀ sì jẹ́ 7.0. Kàtídírà àwọn Kátólíìkì wó, Kàtídírà Mẹ́talọ́kan Mímọ́ ti ìjọ Episcopal wó, ààfin Ààrẹ wó, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Joseph Serge Miot sì bá a lọ. Títí di òní, iye àwọn tó kú kò dọ́gba lẹ́nu àwọn tó kà á: àwọn kan fi í sí nǹkan bíi 100,000, ìjọba Háítì sì sọ pé ó ju 300,000 lọ. Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi dé, ọ̀pọ̀ ìjọ ní Amẹ́ríkà gbé igbá ọrẹ jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ jọ.

Iṣẹ́ àlùfáà ilé ìwòsàn ni mò ń ṣe, mo sì máa ń bá àwọn ìjọ Yorùbá tó wà ní ìlú òyìnbó jókòó nígbà tí irú àjálù báyìí bá ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi mí ni pé kí ni àwọn lè kó ránṣẹ́. Èmi náà a sì bi wọ́n padà: ta ló wà láàárín yín, tàbí níbi iṣẹ́ yín, tó ní ẹbí níbẹ̀? Ní Boston, ní New York àti ní Miami, àwọn ọmọ Háítì pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú arúgbó àti aláìsàn, ọ̀pọ̀ Yorùbá ló sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú wọn. Ẹni tó ń bá yín tẹ́ ibùsùn lè ti pe nọ́ńbà ìyá rẹ̀ ní ogójì ìgbà láti òwúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni má sì gbé e. Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni iṣẹ́ ìjọ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní èbúté.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe kánjú sọ̀rọ̀. Nínú ìwé Jóòbù, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta jókòó tì í lórí ilẹ̀ ní ọjọ́ méje, tọ̀sán-tòru, láìsọ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n lanu ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. “Ẹ kú ìrọ́jú” tó. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn láti fi “Olúwa ló fi fúnni, Olúwa ló sì gbà lọ” tu ọlọ́fọ̀ nínú, ṣùgbọ́n ẹnu Jóòbù fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ fún un. Ẹni tí ọ̀ràn dé bá lè sọ ọ́ bó bá wù ú. Tiwa ni kí a jókòó.

Ìwé ìtọ́nisọ́nà kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2011 kó irú ìtọ́jú yìí sínú ohun mẹ́ta: kí a wò, kí a gbọ́, kí a sì so ẹni náà mọ́ ohun tó lè ràn án lọ́wọ́. Wíwò ni kí a mọ̀ bóyá ó ti jẹun, bóyá ó sùn, bóyá ara rẹ̀ gbé iṣẹ́ lónìí. Gbígbọ́ kò túmọ̀ sí pé kí a fi ìbéèrè tú u wò. Ìwé náà kìlọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ fipá mú ẹnikẹ́ni sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Èyí ẹ̀kẹta ni àwọn ìjọ sábà máa ń gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ yẹn ni ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ọmọ Háítì tó ti wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà kí ó tó ṣẹlẹ̀ lè gba àṣẹ láti dúró kí ó sì ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá ni ẹni tó máa bá a kọ fọ́ọ̀mù, ẹni tó máa bá a san owó rẹ̀, àti ẹni tó mọ agbẹjọ́rò tí kì í ṣe gbájúẹ̀. Ìjọ tó bá ní akọ̀wé tó mọṣẹ́ ti ní ẹ̀bùn tó ju kọ̀ntéínà aṣọ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìsìnkú wá ṣòro jù. Ọ̀pọ̀ òkú ni wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù kó lọ sí Titanyen ní àríwá olú-ìlú, tí wọ́n sì sin pọ̀ láìsí orúkọ lórí ibojì. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá kò nílò àlàyé lórí ohun tí ó túmọ̀ sí kí èèyàn má rí òkú ìyá rẹ̀ sin. Wọ́n sábà máa ń sọ pé ìbẹ̀rù àjàkálẹ̀ àrùn ló fa irú ìkánjú bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òkú àwọn tí àjálù pa kì í sábà dá àjàkálẹ̀ àrùn sílẹ̀, nítorí ọgbẹ́ ló pa wọ́n, kì í ṣe àrùn. Ohun tó wà lọ́wọ́ àlùfáà tó wà ní òkèèrè ni ìsìn ìrántí láìsí pósí. Ẹ gbé àwòrán olóògbé síwájú, ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní pípé bí ẹbí rẹ̀ ṣe ń pè é, ẹ kọ orin tí òun fẹ́ràn ní èdè tirẹ̀ bí ẹ bá rí ẹni tó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ẹbí bóyá wọ́n ti ṣe tán. Mo ti rí i tí a ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kejì fún ìyá kan tó ṣì ń retí ìpè ọmọ rẹ̀; kò padà wá sí ilé ìjọ wa mọ́, n kò sì dá a lẹ́bi.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìwàásù. Ní ọjọ́ kejì àjálù náà, Pat Robertson, oníwàásù ọmọ Amẹ́ríkà kan, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ará Háítì ti bá èṣù dá májẹ̀mú nígbà tí wọ́n ń jà fún òmìnira kúrò lọ́wọ́ Faransé. Kí a má ṣe rò pé òyìnbó nìkan ló ń sọ irú rẹ̀, nítorí àwa náà ní oníwàásù tó lè sọ ọ́ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá bó bá gbọ́ pé wọ́n ń bọ Ògún ní Háítì, tí wọ́n sì ń pe àwọn òrìṣà tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ ní Nago. Ẹ ka Lúùkù orí kẹtàlá. Nígbà tí ilé ìṣọ́ Síloámù wó pa èèyàn méjìdínlógún, Jésù bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n rò pé àwọn yẹn dẹ́ṣẹ̀ ju gbogbo ará Jerúsálẹ́mù lọ, ó sì fúnra rẹ̀ dáhùn pé rárá. Bí ẹ bá tún ń fẹ́ ẹ̀rí, ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún kan náà, ilẹ̀ mì ní Chile pẹ̀lú ìwọ̀n 8.8, èyí tó le ju ti Háítì lọ ní ìlọ́po ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn tó sì kú kò ju bíi 500 lọ. Òfin ilé kíkọ́ múlẹ̀ ní Chile. Ní Port-au-Prince, ọ̀pọ̀ ilé ni bíríkì rẹ̀ kò lágbára, tí irin inú rẹ̀ kò sì tó. Ilẹ̀ mì níbi méjèèjì, ilé ló yàtọ̀.

Ní ti ẹrù, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Pápákọ̀ òfurufú Port-au-Prince kò ní ju ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ kan ṣoṣo lọ, èbúté rẹ̀ sì ti bàjẹ́ nígbà náà, nítorí náà gbogbo àpótí aṣọ tó bá wọlé ń gba àyè oníṣẹ́ abẹ. Háítì ti ní òkìrìkà tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní pèpè, àwọn obìnrin sì ń fi títà rẹ̀ bọ́ ọmọ. Kọ̀ntéínà aṣọ ọ̀fẹ́ lè ba ọjà wọn jẹ́. Òògùn tún léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé òògùn tí a bá fi tọrẹ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ọdún kan sí i kí àkókò lílò rẹ̀ tó kọjá, nígbà tó bá dé ọ̀hún.

Owó ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó ti wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mì. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kó ọrẹ jọ fún àwọn ará Jùdíà, kò dá gbé e. Ó fi Títù àti arákùnrin mìíràn tí àwọn ìjọ yàn sí i, ó ní kí ẹnikẹ́ni má bàa rí àléébù lórí ọrẹ náà. Kí ẹni méjì tí kò bá ara wọn tan máa ka owó, kí owó náà ní àkáǹtì tirẹ̀, kí akápò kéde iye tó wọlé àti iye tó jáde níwájú ìjọ, kí ìwé ẹ̀rí ìsanwó sì wà lára pátákó ìkéde. Ibi tí ìjọ ti ń sọ pé “Ọlọ́run mọ ọkàn wa” ni owó ti máa ń sọnù.

Àwọn tó fẹ́ lọ fúnra wọn ńkọ́? Bí o kì í bá ṣe dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí ẹnjiníà tí wọ́n pè, ebi tó bá pa ọ́ níbẹ̀ yóò di ẹrù fún wọn. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún yẹn, wọ́n mú ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi mẹ́wàá láti Amẹ́ríkà ní ẹnubodè Dominican Republic, pẹ̀lú ọmọdé 33 tí wọn kò ní ìwé àṣẹ láti kó jáde. Wọ́n ní ọmọ òrukàn ni wọ́n. Ó wá hàn lẹ́yìn náà pé òbí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà láàyè. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwa ju ẹlòmíràn lọ, nítorí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ti wà nílé.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀. Inú àgọ́ àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ti Nepal wá ni àrùn náà ti wọ odò, ó sì pa nǹkan bí 10,000 èèyàn ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e; ọdún 2016 ni Ban Ki-moon, akọ̀wé àgbà Àjọ náà nígbà náà, tó tọrọ àforíjì. Ohun tó ń gba ẹ̀mí là lọ́wọ́ onígbáméjì ni omi tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà pò, tí ìyá lè fún ọmọ nínú ilé. Zilda Arns, dókítà ọmọ ilẹ̀ Brasil tó dá Pastoral da Criança, ẹgbẹ́ ìjọ Kátólíìkì tó ń tọ́jú ọmọdé, sílẹ̀ ní ọdún 1983, ti fi irú ìmọ̀ yìí kọ́ àìmọye obìnrin inú ìjọ. Inú ilé ìjọ kan ní Port-au-Prince, níbi tó ti lọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ni ìmìtìtì ilẹ̀ náà ti pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn dé, igbá ọrẹ ti kúrò níwájú pẹpẹ ní ọ̀pọ̀ ìjọ.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún akọ̀wé ìjọ kí ó kọ ọjọ́ mẹ́ta sínú ìwé rẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ gbàdúrà: ọ̀sẹ̀ kẹfà, oṣù kẹfà, àti àyájọ́ ọdún kan. Kí ó kọ orúkọ ẹni tí a máa pè sí iwájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àti orúkọ ẹni tó máa pè é.