Ibi tí ọ̀rọ̀ omi, iyanrìn àti ègé nánò ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí asẹ́ ni iyanrìn ṣe ń sẹ́ omi, pé ìdọ̀tí tóbi ju ihò àárín iyanrìn lọ, ó há, ọ̀rọ̀ parí. Tó bá jẹ́ ti ègé nánò, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá o. Nǹkan tí wọ́n ń pè ní nánò yẹn kì í sábà ju 100 nanòmítà lọ (tí wọ́n bá pín mìlímítà kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni nanòmítà), irun orí kan ṣoṣo nípọn jù ú lọ fíìfíì, ihò àárín iyanrìn sì fẹ̀ fún un bíi pápá ńlá. Síbẹ̀ ó lè wọ inú iyanrìn kó má jáde mọ́, ẹ wá pààrọ̀ omi nìkan, iyanrìn kan náà, ègé kan náà, ó kọjá wuuru. Nǹkan tó yọ́ sínú omi ló ń pinnu ẹ̀, àwọn tó sì kọ́kọ́ rí i ò tiẹ̀ ronú kan iyanrìn.

Lọ́dún 1857 ní London, Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, fi kẹ́míkà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sọ góòlù inú omi di ègé tó kéré débi pé ojú ò rí i, omi yẹn wá pupa, ó mọ́ gaara bí òkúta rúbì. Ló bá ta iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ fojú inú wò ó, ìgò wà níwájú yín, ẹ ò sè é, iyọ̀ lásán lẹ ta sí i, pupa yẹn bá di búlúù lójú yín kòrókòró. Faraday mọ̀ pé ara àwọn ègé góòlù ọ̀hún ni nǹkan ti yí padà, àmọ́ ìmọ̀ tó máa ṣàlàyé ẹ̀ ò tíì sí nígbà náà. Lára àwọn omi góòlù tó ṣe ṣì wà ní Royal Institution, ilé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní London, dòní.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, 1856, Henry Darcy gbé ìwé jáde nípa iyanrìn tó kó sínú páìpù gíga ní Dijon nílẹ̀ Faransé, tó ń wọn bí omi ṣe ń gba inú ẹ̀ kọjá (wọ́n ti ń fi iyanrìn sẹ́ omi tipẹ́, John Gibb ti ń ṣe é ní Paisley ní Scotland láti 1804). Ẹnì kan ń wo iyanrìn, ẹnì kan ń wo ègé inú omi, ọ̀rọ̀ méjèèjì ò sì pàdé dáadáa fún ohun tó lé ní 100 ọdún. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Àwọn tó ń wo ègé ò sùn. Schulze lọ́dún 1882, Hardy lọ́dún 1900, wọ́n rí i pé kì í ṣe iye iyọ̀ nìkan ló ṣe pàtàkì, irú ẹ̀ náà ni: kálísíọ̀mù tó ní ṣáàjì méjì (ṣáàjì ni agbára bíi ti iná mànàmáná tó wà lára nǹkan, ó lè jẹ́ pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gẹ́tíìfù) lágbára ju sódíọ̀mù tó ní ẹyọ kan lọ, kì í ṣe ìlọ́po méjì o, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Derjaguin àti Landau ní Soviet Union lọ́dún 1941, Verwey àti Overbeek ní Netherlands lọ́dún 1948, ló wá ṣàlàyé ẹ̀ yanjú, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní DLVO: àwọn ègé tí ṣáàjì wọn jọra ń ti ara wọn sẹ́yìn, tí iyọ̀ bá dé, ó bo ṣáàjì yẹn mọ́lẹ̀, wọ́n á súnmọ́ra, wọ́n á lẹ̀ pọ̀.

Lọ́dún 1971 ni Yao, Habibian àti O'Melia so ìmọ̀ méjèèjì pọ̀. Wọ́n ní ègé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ara iyanrìn, lẹ́yìn náà ló máa wá lẹ̀ tàbí kó má lẹ̀. Èyí tó tó nǹkan bíi 1,000 nanòmítà ló ṣòro jù láti dé ara iyanrìn, èyí tó kéré sí i, omi ń tì í síbí tì í sọ́hùn-ún, ó ń kọlu iyanrìn ṣáá. Torí náà nánò máa ń dé ibẹ̀. Bóyá ó máa lẹ̀ ni ìbéèrè, omi ló sì ń dáhùn.

Ọ̀rọ̀ wá gbóná nígbà tó yá. Lọ́dún 1997, Wang àti Zhang ní Lehigh University ní Amẹ́ríkà ṣe ègé irin nánò tó ń fọ́ kẹ́míkà olóró inú omi, àwọn èèyàn ní àwọn á máa fún un sábẹ́ ilẹ̀ kó lọ tún omi ṣe, àmọ́ irin yẹn ń lẹ̀ mọ́ra, kì í rìn jìnnà, pàápàá níbi tí kálísíọ̀mù bá ti pọ̀, àfi kí wọ́n fi nǹkan bò ó lára. Lọ́dún 1999 ẹ̀wẹ̀, ìwádìí kan fi hàn pé plutonium, irin olóró tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, láti ibi bọ́ǹbù àdánwò tí wọ́n yìn lábẹ́ ilẹ̀ Nevada lọ́dún 1968 ti gun ẹ̀yìn ègé wẹ́wẹ́ rin 1.3 kìlómítà. Ọ̀kan ò lọ síbi tá a rán an, èkejì lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò rán an.

Láti bí 2004 ni ìdánwò fífi omi ti ègé nánò gba inú iyanrìn ti wá pọ̀ gan-an: túùbù gíláàsì, iyanrìn tí wọ́n fọ̀ mọ́ tónítóní, pọ́ńpù kékeré, wọ́n á máa gba omi tó ń kán lẹ́yìn sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n rí i pé pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó), ń yí ṣáàjì padà, títáníọ̀mù díókísáìdì, ètù funfun tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà, ní nǹkan bíi pH 6 sísàlẹ̀ á di pọ́sítíìfù, á lẹ̀ mọ́ iyanrìn tó jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù. Nǹkan tó ń jáde lára ewé jíjẹrà ẹ̀wẹ̀ máa ń bo ègé lára, á jẹ́ kó máa lọ. Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni èyí tí wọ́n máa ń ṣe gbẹ̀yìn: wọ́n á fi omi oníyọ̀ ti ègé wọlé títí á fi lẹ̀, omi ìsàlẹ̀ á mọ́, wọ́n á wá yí i sí omi tí kò níyọ̀ bíi ti òjò, láìpẹ́ omi inú ìgò tó tẹ̀ lé e ò ní mọ́ gaara mọ́, lára àwọn ègé tí wọ́n rò pé ó ti dúró síbẹ̀ ti tún ń jáde bọ̀.