Okùn gbòòrò, ohùn ṣì ń já

Ọ́fíìsì kan wà ní Broad Street, ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Ìkẹjà. Bí aago méjìlá ọ̀sán bá lù, tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀dà fáìlì ránṣẹ́ sí Ìkẹjà, ohùn àwọn tó ń pe fóònù lórí okùn kan náà tó so ọ́fíìsì méjèèjì pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ọ̀gá á ní kí wọ́n ra mẹ́gábíìtì kún un. Owó á lọ, àrùn ò ní lọ, torí gbogbo àyè tí fáìlì bá rí ló máa ń gbà.

Ìpè kan tó ń lo G.711, ìlànà kan tó ń sọ ohùn di dátà, kò gbà ju nǹkan bí 80 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìpè mẹ́wàá kò tó mẹ́gábíìtì kan. Ohùn kò wá àyè púpọ̀, àìdúró ló ń wá. ITU, àjọ tó ń ṣètò ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, ní kí ìrìn rẹ̀ láti ẹnu dé etí má ju mílísẹ́kọ́ǹdì 150 lọ. Ṣùgbọ́n módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ tó ń gbé dátà sórí okùn, ní àká tó ń kó ègé dátà tí kò tíì ráyè kọjá sí. Bí àká náà bá gba mẹ́gábáìtì 1 (ìyẹn mẹ́gábíìtì 8), tí okùn sì ń gbé mẹ́gábíìtì 10 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ègé ohùn tó bá bá a ní kíkún á dúró fún mílísẹ́kọ́ǹdì 800. Èyí tí kò bá ráyè wọ àká, ó sọnù nìyẹn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ìtò àwọn ègé tó ń dúró yìí kúrò lọ́wọ́ módẹ́ẹ̀mù. A ó ní kí ráútà, ẹ̀rọ tó ń darí dátà kó tó dé módẹ́ẹ̀mù, má tú ju mẹ́gábíìtì 9 jáde nínú 10 náà. Yíyọ ọ̀kan yìí máa ń dun ẹni tó sanwó, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń mú kí àká módẹ́ẹ̀mù ṣófo, kí ègé wá máa tò níwájú ráútà, tó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ kọjá.

Nọ́ńbà tí a lẹ̀ mọ́ ègé kọ̀ọ̀kan ni ráútà fi ń mọ̀ wọ́n. 46 ni ti ohùn, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ kọjá. Ó dà bí ọ̀nà BRT ní Ikorodu Road: bí gbogbo danfo bá wọ ibẹ̀, kò sí ọ̀nà BRT mọ́. Nítorí náà, ohùn pẹ̀lú ní òdiwọ̀n, mẹ́gábíìtì 2 bí àpẹẹrẹ, ráútà kò sì gbọdọ̀ gba nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ dátà gbọ́.

Dátà tó ń wọlé ló le jù. Kó tó dé Broad Street, ó ti dúró tán lọ́hùn-ún, nítorí náà ráútà Ìkẹjà ló yẹ kó tò ó kó tó gbéra. Bí okùn náà bá sì jẹ́ rédíò orí òpó, òjò ńlá lè sọ mẹ́gábíìtì 10 di 6. Ọjọ́ náà, 9 tí a kọ sínú ráútà kò wúlò mọ́, ìtò á padà sínú módẹ́ẹ̀mù, àyàfi bí a bá tètè dín in kù sí 5.