Bí ojú òṣèré inú bùlúù fíìmù ṣe ń mú òǹwòran

Ọ̀pọ̀ gbà pé ìhòòhò nìkan ni ọkùnrin tó ń wo bùlúù fíìmù ń wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2007, Heather Rupp àti Kim Wallen ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ tó ń tọpa ẹyinjú yẹ àwọn òǹwòran fọ́tò ìbálòpọ̀ wò. Àwọn ọkùnrin tẹjú mọ́ ojú obìnrin inú fọ́tò ju bí àwọn obìnrin ṣe tẹjú mọ́ ọn lọ. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, níbẹ̀ pàápàá.

Bí òṣèré méjì bá ń wo ara wọn, òǹwòran kàn ń yọjú ni. Àmọ́ bí ọ̀kan nínú wọn bá gbójú sókè, tó wo ojú kámẹ́rà gan-an, òǹwòran ti di ẹni tí wọ́n ń bá ṣe é.

Báwo ni ẹnì kan ṣe ń wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójú lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ wo ògiri pálọ̀ ní Kàbà, Mopa tàbí Ìsánlú. Fọ́tò bàbá àgbà tó ti lọ wà lókè ìlẹ̀kùn. Ibi yòówù kí èèyàn jókòó sí, bàbá ń wò ó. Àwọn kan á ní ẹ̀mí bàbá ló ń ṣọ́ ilé. Rárá o. Bí èèyàn gidi bá kọjú síbì kan, tí a sì sún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, etí rẹ̀ á hàn sí i, funfun ẹyinjú rẹ̀ á pọ̀ lápá kan ju èkejì lọ. Fọ́tò pẹlẹbẹ ni tirẹ̀: ibi tí dúdú ẹyinjú wà láàárín funfun kì í yí padà, ẹ̀gbẹ́ yòówù kí a ti wò ó. Bàbá wo ojú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá wo fọ́tò ló sì bọ́ sípò kámẹ́rà. William Wollaston ti ṣe irú àlàyé yìí nípa àwòrán ojú ní 1824. Ti obìnrin inú fóònù kò yàtọ̀.

Ara kì í dúró gbọ́ àlàyé yìí. Ọmọ tuntun tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan pàápàá máa ń pẹ́ lójú tó ń wò ó ju èyí tó wo ẹ̀gbẹ́ lọ. Nílẹ̀ Okun, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé pé kò gbọ́dọ̀ ranjú mọ́ àgbà, ẹni tó bá wo èèyàn lójú láìṣẹ́jú ní ohun tó ń bá a fà: ìfẹ́ ni tàbí ìjà.

Síbẹ̀, fọ́tò nìkan kò tó. Jari Hietanen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fínláǹdì ṣàyẹ̀wò òógùn fẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń yọ ní ọwọ́ bí ara bá ta gìrì. Ojú ènìyàn gidi tó wo àwọn òǹwòran tààrà mú kí ara ta gìrì ju ojú tó wo ẹ̀gbẹ́ lọ. Fọ́tò ojú kan náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àfi kí èèyàn gbà pé wọ́n ń rí òun. Ìgbàgbọ́ yìí gan-an ni àwọn tó ń ṣe ìhòòhò lójú ẹsẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń tà. Wọ́n á ka orúkọ ẹni tó sanwó, wọ́n á sì gbójú sókè. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ń dun ẹni tó dá wà jù, torí bí obìnrin náà bá ń ka orúkọ, ìsàlẹ̀ ló ń wò. Bó bá gbójú sókè, kámẹ́rà ló ń wò.