Bàálù kan ló ṣìṣe, kí ló dé tí wọ́n fi ní kí gbogbo wọn má fò mọ́?

Bàálù kan ṣoṣo ló yà kúrò lójú ọ̀nà. Kí ni ìyókù ṣe?

Ọ̀rọ̀ Dana Air, ilé-iṣẹ́ bàálù kan ní Nàìjíríà, lọ́dún 2024 ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa béèrè èyí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin, bàálù wọn kan tó ń bọ̀ láti Àbújá balẹ̀ ní Ìkẹjà, ó sì sáré wọ inú koríko. Kò sí èrò kankan tó kú. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kejì, mínísítà ètò ọkọ̀ òfuurufú, Festus Keyamo, pàṣẹ pé kí gbogbo bàálù ilé-iṣẹ́ náà dúró.

Ìdí rẹ̀ kò le. Bí télọ̀ bá rán aṣọ fún ọ, tí ojú rírán ọ̀kan tú, o ò ní wọ èyí tó kù jáde láì yẹ̀ wọ́n wò. Ọwọ́ kan náà ló rán wọn. Àwọn mẹkáníìkì kan náà ló ń tún gbogbo bàálù ilé-iṣẹ́ kan ṣe, ibì kan náà ni wọ́n ti ń kó ohun èlò, ọ̀gá kan náà ló ń buwọ́ lùwé pé ó ti tó fò.

Ṣé ẹ̀rí wà pé àṣìṣe kan lè wà lára bàálù méjì?

Ó wà, ó sì dùn mí láti sọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2012, bàálù Dana kan já lu ilé ní Ìjù-Ìṣàgà, l'Ékòó. Gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, àwọn kan tó wà nílé wọn jẹ́ẹ́ náà sì bá a lọ. Ẹ́ńjìnnì kìíní ló kọ́kọ́ dákẹ́ iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ balẹ̀, èkejì náà kò dáhùn mọ́. Àwọn olùṣèwádìí dá àwọn awakọ̀ lẹ́bi pé wọn kò tètè wá ibi tó sún mọ́ wọn jù balẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì wò, wọ́n rí i pé àwọn páìpù tó ń gbé epo wọ inú rẹ̀ ti sán, òmíràn ti lọ́.

Ní oṣù kẹwàá 2013, ẹ́ńjìnnì bàálù mìíràn ti ilé-iṣẹ́ náà kọ̀ láti gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu, bàálù náà sì padà síbi tó ti gbéra. Wọ́n tú òun náà. Irú páìpù yẹn náà ni. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó kú lọ́tẹ̀ yìí.

Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan dúró torí owó. Kí ló kan owó nínú ọ̀rọ̀ ààbò?

Ní oṣù keje 2022, NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà, gba ìwé àṣẹ Dana nítorí pé àyẹ̀wò fi hàn pé apá rẹ̀ kò ká ìnáwó mọ́ débi tí yóò fi lè máa fò láìséwu. Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ gbèsè lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ohun èlò bàálù, dọ́là ni wọ́n fi ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sókè òkun fún àtúnṣe ńlá. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ á fẹ́ sún àtúnṣe síwájú. Ohun tí mo bẹ̀rù jù nìyẹn, torí pé èrò kò lè fojú rí i.

Ṣé bàálù tó ti gbó ló ń léwu?

Ọjọ́ orí nìkan kọ́. Bí bàálù bá ti gòkè, wọ́n á fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kí èèyàn lè mí, ara rẹ̀ á sì wú díẹ̀. Bó bá balẹ̀, á padà sí bó ṣe wà. Wáyà tí a ń tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn, ọjọ́ kan ni yóò kán. Ní 1988, òrùlé bàálù Aloha Airlines kan ṣí dànù lójú òfuurufú ní Hawaii. Ọmọ ọdún 19 péré ni, ṣùgbọ́n láti erékùṣù dé erékùṣù ló ń ná, ó sì ti gbéra ju ìgbà 89,000 lọ.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Owó rẹ ni. Bí wọ́n bá fagi lé ìrìnàjò náà, òfin NCAA ní kí wọ́n dá a padà. Má jù ú nù.

Ṣé kì í ṣe àṣejù ni, kí wọ́n dá bàálù dúró nítorí ìfura?

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 2018, bàálù ilé-iṣẹ́ Lion Air kan, irú tí wọ́n ń pè ní Boeing 737 MAX, já sókun ní Indonesia, èèyàn 189 sì kú. Ètò kọ̀ǹpútà kan ló ń ti imú rẹ̀ sísàlẹ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ẹ̀rọ ìwọ̀n kan ṣoṣo tó gbára lé ń parọ́ fún un. Wọ́n kọ ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn awakọ̀, àwọn bàálù náà sì ń fò lọ bó ṣe wà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta 2019, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí 737 MAX mìíràn ní Ethiopia. Ẹ̀yìn ìyẹn ni gbogbo ayé tó dá a dúró. Ní Amẹ́ríkà, kò gba ìyọ̀ǹda láti fò padà títí di oṣù kọkànlá 2020.

Èèyàn 157 ló wà nínú ti Ethiopia yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adesanmi, ọmọ Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogi.