Kí Ló Dé Tí Oníidán Yín Fi Fẹ́ Sùn ní Aago 10 Àárọ̀?

Gbogbo ẹni tó bá ti darí eré Dungeons & Dragons rí ló mọ gbólóhùn yìí: "Ọfọ̀ mi ti tán, ẹ jẹ́ ká sùn." Ìjà kan péré ni wọ́n tíì jà. Jagunjagun ẹgbẹ́ ṣì lókun, olè ẹgbẹ́ ò tíì rí nǹkan kan jí, oníidán nìkan ló ti ń tẹ́ ẹní. Àwọn tó kù á wá kọjú sí olùdarí: ṣé òfin gbà á? Èmi tí mò ń darí tábìlì kan ní Ìkòròdú lọ́jọ́ Sátidé, n kì í dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbéèrè kan ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn: aago mélòó lẹ jí?

Fún ẹni tí kò mọ eré náà rárá, kì í ṣe eré orí fóònù. Ènìyàn bíi mẹ́rin sí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká, ìwé àti pẹ́ńsù lọ́wọ́, dáìsì níwájú wọn. Dáìsì ọ̀hún kì í ṣe olójú mẹ́fà ti lúdò nìkan, ó ní olójú mẹ́rin, olójú mẹ́jọ, títí dé olójú ogún. Kálukú ló ní ẹ̀dá tirẹ̀ nínú ìtàn. Olùdarí á sọ bí ayé ibẹ̀ ṣe rí, àwọn yòókù á sọ ohun tí ẹ̀dá tiwọn fẹ́ ṣe, dáìsì á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i. Àwọn òbí kan máa ń gbọ́ "ọfọ̀" kí ojú wọn tó yí padà. Ní ìlú tí wọ́n ti ń ṣe orò, tí obìnrin á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ẹ ò lè bá wọn wí. Mo máa ń ní kí irú òbí bẹ́ẹ̀ wá jókòó tì wá. Kí wákàtí kan tó pé, á ti rí i pé ìṣirò lọmọ òun ń ṣe, pé ọfọ̀ tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ ò ju àmì tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà sórí ìwé lọ.

Nínú eré yìí, agbára idán ní òṣùwọ̀n. Slot là ń pè é. Ìpele ẹ̀dá yàtọ̀ sí ìpele ọfọ̀ o. Ọ̀pọ̀ oníidán tó ti dé ìpele karùn-ún ní slot 9 lójúmọ́: 4 fún ọfọ̀ ìpele kìíní, 3 fún ti ìkejì, 2 fún ti ìkẹta. Bó bá ti pe ọfọ̀ kan, slot kan ti lọ. Àwọn ọfọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní cantrip ò ní iye, ó lè máa pè wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ àwọn tó ń tú ogun ká, bíi Fireball, bọ́ọ̀lù iná, tí olùdarí á ní kẹ́ ẹ da dáìsì olójú mẹ́fà bíi 8 kẹ́ ẹ sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, slot ìpele kẹta ló ń jẹ. Méjì péré nìyẹn. Ìsinmi ló sì ń dá slot padà.

Ta ló so idán mọ́ oorun? Jack Vance, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ìtàn rẹ̀ nípa àwọn oníidán jáde lọ́dún 1950, ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Nínú ìtàn tirẹ̀, oníidán á há ọfọ̀ sórí. Bó bá ti pè é tán, ọfọ̀ náà á kúrò lórí rẹ̀ pátápátá, àfi kó tún padà sídìí ìwé. Gary Gygax àti Dave Arneson, tí wọ́n gbé Dungeons & Dragons jáde lọ́dún 1974, mú ìlànà náà lò. Láyé ìgbà yẹn, ojú oníidán rí nǹkan. Nínú ẹ̀dà eré náà tí wọ́n ń pè ní Advanced, tó jáde níparí àwọn ọdún 1970, á kọ́kọ́ sinmi: wákàtí 4 bó bá jẹ́ ọfọ̀ ìpele kìíní àti ìkejì ló fẹ́ kó jọ, á máa gùn sí i bẹ́ẹ̀ títí dé wákàtí 12 fún ìpele kẹsàn-án. Bó bá jí, á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó ti ìwé, ìṣẹ́jú 15 fún ìpele kọ̀ọ̀kan lórí ọfọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọfọ̀ ìpele kẹsàn-án kan ṣoṣo á gba wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 15. Àgbà oníidán tó bá ná gbogbo ọfọ̀ rẹ̀ tán lè wà nídìí ìwé ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ̀dà kẹta, ọdún 2000, ló dẹ ẹ́ lọ́rùn: oorun wákàtí 8, ìwé wákàtí 1. Síbẹ̀, bí nǹkan kan bá já oorun rẹ̀ gbà, wákàtí 1 á kún un, ọfọ̀ tó bá sì pè láàárín wákàtí 8 tó ṣáájú á wà lára iye tòní.

Òfin ẹ̀dà karùn-ún lọ̀pọ̀ wa ń lò báyìí. Ó jáde lọ́dún 2014, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2024. Ìsinmi méjì ló wà nínú rẹ̀. Ìsinmi kúkúrú, ó kéré tán wákàtí 1: ẹ jókòó, ẹ jẹun, ẹ di ọgbẹ́. Ìsinmi gígùn, ó kéré tán wákàtí 8: oorun wákàtí 6, ẹ lè fi wákàtí 2 tó kù ṣọ́nà, kàwé tàbí tàkùrọ̀sọ. Ẹni mẹ́rin tó bá pín òru ṣọ́, wákàtí méjìméjì ló kan kálukú, ìsinmi ẹnikẹ́ni ò sì ní bàjẹ́. Ìsinmi gígùn yìí ló ń dá gbogbo slot oníidán padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àbúrò kan tó ń ṣe oníidán ìpele karùn-ún lọ́dọ̀ wa. Ìlú àròsọ kan létí ọ̀sà ni mo gbé ìtàn náà sí, ẹni tó bá mọ Ẹ̀bútè á mọ ibi tí mo ti rí i. Àwọn ọlọ́ṣà orí omi fi ọkọ̀ méjì dábùú ọ̀nà wọn. Fireball méjì ló fi dá wọn lóhùn, ọkọ̀ kan jóná, èkejì yí orí padà. Ló bá ju pẹ́ńsù sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọfọ̀ mi ti tán. A ó sùn o."

"Aago mélòó lẹ jí?"

"Aago 6."

"Kí laago wí báyìí?"

Ó wo ìwé tí mo fi ń ka wákàtí. "Aago 10 àárọ̀."

Òfin 2014 sọ pé ìsinmi gígùn kan ṣoṣo ló lè ṣe yín láǹfààní láàárín wákàtí 24. Ti 2024 là á yé wa ju bẹ́ẹ̀ lọ: bẹ́ ẹ bá ti parí ọ̀kan, wákàtí 16 gbọ́dọ̀ kọjá kẹ́ ẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹni tó jí ní aago 6 àárọ̀, aago 10 alẹ́ ló tó lè dùbúlẹ̀ fún ìsinmi tó ní èrè. Bó bá sùn láàárọ̀ yẹn títí di ìrọ̀lẹ́, slot kan ò ní padà. Ara rẹ̀ á kàn silẹ̀ ni.

Àmọ́ mo ní kó tún ìwé rẹ̀ wò. Slot ìpele kẹta méjèèjì ló ti ná lóòótọ́. Mẹ́rin ti ìpele kìíní ńkọ́? Mẹ́ta ti ìkejì ńkọ́? Slot 7 ṣì wà nílẹ̀ tó ní ọfọ̀ òun ti tán! Bẹ́ẹ̀ ni tọ̀pọ̀ oníidán rí: bí èyí tó tóbi jù bá ti lọ, wọ́n á ní àwọn ò ní nǹkan kan mọ́. Ohun kejì tí ojú rẹ̀ fò ni ẹ̀bùn kan tó wà fún wizard nìkan, ìyẹn oníidán tó ń kọ́ ọfọ̀ nínú ìwé bíi tirẹ̀: Arcane Recovery. Lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, bó bá parí ìsinmi kúkúrú, ó lè gba slot padà tí àpapọ̀ ìpele wọn ò ju ìdajì ìpele tirẹ̀ lọ. Ìdajì 5 jẹ́ 2 àti ààbọ̀, òfin ní ká sún un sókè sí 3. Ìyẹn ni pé wákàtí 1 lábẹ́ igi, Fireball kan ti wọlé. Ó jókòó, àwọn tó kù di ọgbẹ́ wọn, ìtàn ń lọ.

Àwọn oníidán yòókù ò rí bákan náà. Warlock, ẹni tó bá agbára àjèjì kan mulẹ̀, slot 2 péré ló ní ní ìpele karùn-ún, àmọ́ ìsinmi kúkúrú ti tó fún un láti gba méjèèjì padà. Òun lẹ ó máa gbọ́ tó ń ní kẹ́ ẹ jókòó díẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìjà. Àlùfáà, druid tó ń lo agbára igbó àti sorcerer tí wọ́n bí idán mọ́, òru ni tiwọn bíi ti wizard. Elf, ẹ̀yà kan nínú eré náà, kì í sùn, á kàn wọ inú àṣàrò fún wákàtí 4, ìsinmi gígùn tirẹ̀ ti pé. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 10 alẹ́, á ti parí ní aago 2 òru, ẹ lè fi í ṣe ọlọ́dẹ ẹgbẹ́ láti ìgbà náà lọ.

Ibi tí àríyànjiyàn ti pọ̀ jù ni ìdíwọ́. Òfin 2014 kọ ọ́ bíi pé wákàtí 1 gbáko ni ìrìn, ìjà tàbí ọfọ̀ pípè gbọ́dọ̀ gbà kó tó ba oorun jẹ́, àwọn kan sì ń jà títí dòní pé wákàtí 1 yẹn ò kan ìjà. Ti 2024 ti pa ẹjọ́ náà. Bí wọ́n bá ti da dáìsì láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ jà, ìsinmi ti dúró. Bí ẹ bá fara gbọgbẹ́, ó ti dúró. Bí ẹ bá pe ọfọ̀ tí kì í ṣe cantrip, ó ti dúró. Àmọ́ kò ṣòfò: ẹ lè padà dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ fi wákàtí 1 kún un fún ìdíwọ́ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá sì ti sinmi tó wákàtí 1 kí wàhálà tó dé, èrè ìsinmi kúkúrú ti jẹ́ tiyín.

Àwọn olùdarí tuntun máa ń bínú sí ọfọ̀ tí wọ́n ń pè ní Tiny Hut. Ó ń gbé àgọ́ aláìṣeéwọ̀ kalẹ̀ fún wákàtí 8, àwọn tó wà níta ò lè wọlé tọ̀ yín wá. Bí oníidán bá fi ìṣẹ́jú 10 kún àkókò tó fi ń pè é, kò ní ná slot kankan. Wọ́n á ní, "Báwo ni n ó ṣe wá dẹ́rù bà wọ́n?" Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Oníidán yẹn lè kọ́ ọfọ̀ mìíràn, èyí ló yàn. Wákàtí 8 tí wọ́n fi sùn, ọ̀tá náà ní in lọ́wọ́. Ó lè kó ẹrù sá, ó lè ránṣẹ́ pe àwọn ará rẹ̀ kí wọ́n wá tò yí àgọ́ ká títí ilẹ̀ á fi mọ́.

N kì í rán adigunjalè sí ẹgbẹ́ tó sùn ní gbogbo òru, mo sì rò pé olùdarí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń fi ìjà tí kò nítumọ̀ jẹ àkókò ara rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tó ń lọ ná wọn ní nǹkan. Nínú ìtàn ọlọ́ṣà wa, àpótí kan ni wọ́n jí, wọn ó sì tà á ní ọjà ọrún tó ń bọ̀. Mo fa ilà sórí bébà kan láàárín tábìlì, ìkọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó kù kí ọjọ́ ọjà tó pé. Ìsinmi gígùn kan, mo pa ilà kan rẹ́ lójú gbogbo wọn. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má sùn. Láti ìgbà yẹn ni jagunjagun ti ń dá oníidán lẹ́kun fúnra rẹ̀: "Ṣé ó dá ọ lójú pé o ò lè mú un débi afárá?" Ìjíròrò yẹn dùn ún gbọ́ ju òfin tí mo bá kà sí wọn létí lọ.

Ìṣòro kan ṣì wà. Ìwé olùdarí ti 2014 gbà pé ẹgbẹ́ lè kojú wàhálà 6 sí 8 láàárín ìsinmi gígùn méjì. Lọ́sàn-án Sátidé kan? Ẹ gbàgbé ẹ̀. Méjì, bó pọ̀ mẹ́ta, ni tábìlì tiwa máa ń parí, oníidán tó bá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ á ná gbogbo slot rẹ̀ lé àkọ́kọ́ lórí. Ìwé kan náà fúnni ní ọ̀nà àbáyọ tí ẹni tó bá wù lè mú: kí ìsinmi kúkúrú di wákàtí 8, kí ìsinmi gígùn di ọjọ́ 7. Fún ìtàn ìrìn àjò láti èbúté dé èbúté, òun ni mo fẹ́ràn jù. Òru á ṣì wúlò fún warlock, àmọ́ wizard á ní láti wálé gbé fún ọ̀sẹ̀ kan, kó san owó ilé, kó bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà wà, ìṣẹ́jú 5 àti wákàtí 1, fún ẹni tó fẹ́ jà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹni tó bá wá lóun ò ní sùn rárá ńkọ́? Òfin àṣàyàn kan tó jáde lọ́dún 2017 ní bí wákàtí 24 bá kọjá láìsí ìsinmi gígùn, kẹ́ ẹ da dáìsì olójú ogún, kẹ́ ẹ ro agbára ara yín mọ́ ọn, kó sì pé 10 ó kéré tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àárẹ̀ á wọlé. Lọ́jọ́ kejì á di 15, lọ́jọ́ kẹta 20. Nínú òfin 2024, àárẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń yọ 2 kúrò nínú ohun tí dáìsì olójú ogún yín bá mú wá nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá dán nǹkan wò. Bó bá di mẹ́fà, ikú ni. Ẹni tó ń jí ní aago 4 ìdájí lójoojúmọ́ kó lè bá mọ́tò gba Mile 12 kọjá ò nílò kí n ṣàlàyé ìyókù fún un.

Ohun kan kù tí kò sí nínú ìwé òfin. Ọ̀pọ̀ òṣèré rò pé bí Sátidé kan bá ti kọjá, tí òmíràn dé, slot àwọn ti kún. Wọ́n ti sùn nílé lóòótọ́, ẹ̀dá wọn ò tíì sùn. Bá a bá dúró lágbedeméjì ihò àpáta ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, inú ihò àpáta la ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pẹ̀lú slot tó kù. Nítorí náà, kí wọ́n tó sáré lọ wọ mọ́tò ní Sábó, mo máa ń gba ìwé kálukú, mo sì ń kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: aago tí ẹ̀dá rẹ̀ jí, slot tó kù ní ìpele kọ̀ọ̀kan, àti bóyá ó ti lo Arcane Recovery lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ ọ́ lójú wọn, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀, nítorí ìwé àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í pẹ́ sọnù.